Ẹrù Ẹ̀yìn Ẹṣin àti Owó Àpò Mi

Ẹṣin àkọ́kọ́ tí mo fi owó lé lórí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ẹrù rẹ̀ ló fà mí mọ́ra. N kò mọ ẹni tó ni ín, n kò mọ ibi tó ti sáré rí, n kò tilẹ̀ mọ àwọ̀ rẹ̀. Ìwé ìròyìn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ni mo wò, mo sì rí i pé nínú ẹṣin mọ́kànlá, tirẹ̀ ló fúyẹ́ jù: sítóònù 8 àti pọ́ùn 4. Èyí tó wà lókè pátápátá ru sítóònù 9 àti pọ́ùn 10. Sítóònù kan jẹ́ pọ́ùn 14, nítorí náà pọ́ùn 20 ló wà láàárín wọn, ó lé díẹ̀ ní kílò 9. Mo ní, ta ló lè gbé kílò 9 lé ẹ̀yìn kó tún bá ẹni tí kò gbé e sáré dọ́gba? Mo ta £20. Ẹṣin mi ṣe ìkẹsàn-án. Èyí tó ru ẹrù jù lọ ló gba ipò kìíní, kò tilẹ̀ jọ pé ó rẹ̀ ẹ́.

(Òyìnbó ń fi ọ̀rọ̀ kan náà pe owó àti ìwúwo. Níbi tí mo bá ti kọ pọ́ùn nínú ohun tí ẹ ń kà yìí, ìwúwo ni. Owó, màá kọ ọ́ báyìí: £.)

Ilé wa kì í ṣe ilé tí tẹ́tẹ́ ṣàjèjì sí. Bàbá mi ta púùlù títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀ wa ní Ìbàdàn nígbà tí rédíò bá ń ka èsì bọ́ọ̀lù àwọn ìlú òyìnbó tí kò sẹ́ni tó débẹ̀ rí nínú wa. Ṣùgbọ́n eré ẹṣin? Ẹṣin tí mo mọ̀ kò ju ẹṣin funfun mẹ́rin tí wọ́n mọ sí ẹnu ọ̀nà Tafawa Balewa Square l'Ékòó. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé pápá eré ẹṣin gan-an ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé àwọn ará Èkó ti ta tẹ́tẹ́ ẹṣin níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà náà. Bí mo bá ti sùn díẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, màá rìn dé ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ kan ní Peckham, ibẹ̀ gbóná, wọn kì í lé èèyàn. Àgbàlagbà ará Jàmáíkà kan wà tó máa ń jókòó sí igun kan náà, fìlà pẹlẹbẹ lórí, pẹ́ńsùlù kúkúrú lẹ́yìn etí. Daddy ni mò ń pè é. Ẹnu ọmọ Yorùbá kò lè pe ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún lórúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń pè é. Ó ti rí mi nígbà tí mo fa tíkẹ́ẹ̀tì mi ya. Ó ní kí n wá.

"Kí ló dé tó o fi mú ẹṣin yẹn?"

Mo ní ẹrù rẹ̀ ló fúyẹ́ jù, sà.

"Ta ló gbé ẹrù náà lé e?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Lọ wá ẹni tó gbé e lé e ná. Ìgbà yẹn ni kó o tó padà wá bá mi sọ̀rọ̀ ẹrù."

Mo lọ wá a lóòótọ́. Àjọ tó ń darí eré ẹṣin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Horseracing Authority, ló gba àwọn kan síṣẹ́ pé kí wọ́n máa wo gbogbo eré, kí wọ́n sì máa fún ẹṣin kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Máàkì 1 dúró fún pọ́ùn 1. Bí ẹṣin tó ní máàkì 85 bá pàdé ẹṣin tó ní 70 nínú eré tí wọ́n ń pè ní háńdíkáàpù, ti àkọ́kọ́ yóò ru pọ́ùn 15 ju ìkejì lọ. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí gbogbo ẹṣin dé òpin pọ̀ bí ẹni tí a so lókùn kan. Kì í ṣe gbogbo eré ló rí bẹ́ẹ̀ o. Àwọn ẹṣin tó lágbára jù lọ máa ń pàdé ara wọn nínú eré tí ẹrù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Frankel, tó sá eré 14 tí kò sẹ́ni tó borí rẹ̀ rí, 140 ni wọ́n fún un ní 2012. Ẹ kò lè rí irú wọn nínú háńdíkáàpù ọjọ́ Sátidé.

Bí mo ṣe ka èyí tán ni ọkàn mi lọ sọ́jà Bódìjà. Ẹ̀lùbọ́ ni ìyá mi ń tà. Bí ọkọ̀ bá já ẹrù, àwọn alárù á dà bo ìdí rẹ̀, ìyá mi á sì máa pín àpò fún wọn. Ọkùnrin kan wà nínú wọn tó gbẹ bí igi ìṣáná, òun ni ìyá mi máa ń fún ní àpò tó tóbi jù. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí iṣan wọn ń yọ, àpò kékeré ni tiwọn. Ẹni tó bá dúró lókèèrè tó ń ka àpò yóò rò pé ìyá mi kórìíra ọkùnrin náà ni. Kò mọ̀ pé ó ti wò ó fún ọdún mélòó kan, ó sì mọ ọrùn tó lè gbé e dé inú ìsọ̀ láìjá a sílẹ̀. Àpò ńlá yẹn ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi mọ èyí nípa alárù, ṣùgbọ́n nígbà tó di ti ẹṣin, àpò ni mo wò, n kò wo ọrùn.

Mo padà lọ bá Daddy, mo ròyìn ìdí ọkọ̀ Bódìjà fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní ó kù díẹ̀ kí n gbọ́n.

Ohun tó kù náà pọ̀. Nígbà tó ti yé mi pé ẹrù ńlá jẹ́ ẹ̀rí agbára, mo tún kó sí kòtò kejì: mo di oníṣirò. Ìlànà kan wà tí àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ ẹṣin mọ̀ dáadáa. Gígùn ara ẹṣin kan ni wọ́n fi ń wọn àyè tó wà láàárín ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó tẹ̀ lé e. Nínú eré kúkúrú, bíi kìlómítà kan, nǹkan bíi pọ́ùn 3 ló dọ́gba pẹ̀lú gígùn kan. Nínú eré máìlì kan, ó tó pọ́ùn 2. Bí eré bá ti kọjá máìlì kan ààbọ̀, pọ́ùn 1 péré ti tó láti mú ẹṣin fi gígùn kan sẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ kò ta kókó: ẹrù tí èèyàn gbé láti ẹnu ọ̀nà dé kànga kọ́ ni ẹrù tó gbé láti Mọ́níyà dé Ọ̀jọ́ọ̀. Bí ọ̀nà bá ṣe ń jìn ni ẹrù ṣe ń sọ̀rọ̀.

Mo ra ìwé aláwọ̀ búlúù kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Bí ẹṣin A bá fi gígùn méjì na ẹṣin B ní máìlì kan, tí wọ́n wá fi pọ́ùn 6 kún ẹrù A nígbà tí wọ́n máa tún pàdé, gígùn méjì jẹ́ pọ́ùn 4, nítorí náà B yẹ kó fi gígùn kan borí. Àfi bíi pé mo ti rí owó he. Lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé, A ṣe ìkẹrin, B ṣe ìkẹfà, ẹṣin kan tí n kò tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló gbé owó lọ. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi títí ìwé náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Daddy ló yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kan. Ó ní ìṣirò mi dára, ṣùgbọ́n mò ń ṣe bíi pé ẹṣin tó sáré lóṣù tó kọjá ni yóò tún sáré lónìí. Ọ̀kan ti dàgbà sí i láti ìgbà náà. Èkejì ti sanra. Ilẹ̀ tó le lọ́jọ́ yẹn ti rọ̀ lónìí. Jọ́kì tó gùn ún ti wà lórí ẹlòmíràn. Ẹrù nìkan ni mo lè kà lórí ìwé, ìyẹn ni mo ṣe rò pé ẹrù nìkan ló wà.

Ẹṣin eré tó kún ojú ìwọ̀n tó nǹkan bíi kílò 500. Pọ́ùn 7 jẹ́ kílò 3 àti díẹ̀. Kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara rẹ̀. Ẹṣin tó bá jẹun jù lálẹ́ àná lè fi ìyẹn wúwo. Bí ẹ bá gbé e lé òṣùwọ̀n báyìí, ẹ ó ní ẹrù kò já mọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ibi tí eré ń parí sí: imú ẹṣin ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó borí, àwòrán ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Níbi tí imú ti ń dájọ́, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kì í ṣe ohun kékeré. Ojú méjèèjì yìí ni mo ń fi wò ó títí di òní, n kò sì rí ìdí tí màá fi mú ọ̀kan kí n fọ́ èkejì.

Bí ẹnikẹ́ni bá bá mi jiyàn pé ẹrù kò ṣe nǹkan kan, eré kan ni mo máa ń tọ́ka sí. Grand National ti 1973 ni, ní Aintree, lẹ́bàá Liverpool. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì mẹ́rin ààbọ̀, ìgbà 30 ni ẹṣin gbọ́dọ̀ fo odi. Wọn kò tí ì bí mi, àmọ́ fídíò rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, n kò mọ iye ìgbà tí mo ti wò ó. Ẹṣin ńlá kan láti Australia, Crisp, ru sítóònù 12, ìyẹn kílò 76. Red Rum ru sítóònù 10 àti pọ́ùn 5. Pọ́ùn 23 ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ó ju àpò ìrẹsì oníkílò 10 tí à ń gbé kúrò ní ṣọ́ọ̀bù Rye Lane lọ díẹ̀. Crisp bẹ́ síwájú, ó ń fo odi bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn, ó fi gbogbo ayé sílẹ̀. Nígbà tó ku odi méjì, àyè tó wà láàárín òun àti Red Rum ṣì pọ̀ gan-an. Lẹ́yìn odi tó kẹ́yìn ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ẹ ó rí i tó ń ṣe bí ọ̀mùtí, tó ń yà sọ́tùn-ún sósì, Red Rum sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò ju ìṣísẹ̀ bíi mélòó kan lọ kí Crisp dé òpin, ni Red Rum kọjá lára rẹ̀. Kò tilẹ̀ tó gígùn kan tó fi na án.

Ohun tó wá fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ ni pé ní oṣù November ọdún yẹn kan náà, àwọn méjèèjì tún pàdé ní Doncaster. Lọ́tẹ̀ yìí ẹrù wọn dọ́gba. Crisp fi gígùn mẹ́jọ na Red Rum.

Mo máa ń fẹ́ dákẹ́ síbẹ̀, torí ó dùn ún sọ. Ṣùgbọ́n Daddy kì í gbà fún mi. Bí mo bá ti sọ ọ́ dé ibẹ̀ ni yóò béèrè pé, "Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ńkọ́?" Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1974, wọ́n gbé sítóònù 12 lé Red Rum náà. Ó rù ú, ó sì tún borí. Ní 1975 ó tún ru sítóònù 12, ó ṣe ìkejì. Ní 1976 wọ́n dín in kù sí sítóònù 11 àti pọ́ùn 10, ó tún ṣe ìkejì. Ní 1977, tó ti pé ọmọ ọdún 12, ó ru sítóònù 11 àti pọ́ùn 8, ó sì fi gígùn 25 na gbogbo wọn. Ẹ wá sọ fún mi, ṣé ẹrù ṣe pàtàkì àbí kò ṣe pàtàkì? Ẹni tó bá fi 1973 nìkan kọ́gbọ́n yóò máa tẹ̀ lé ẹṣin fífúyẹ́ títí owó ilé rẹ̀ yóò fi tán. Ẹni tó bá fi 1974 nìkan kọ́gbọ́n, bákan náà. Láyé òde òní, ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń sọ pé ẹṣin tó ru ju sítóònù 11 lọ kò lè gba Grand National. I Am Maximus ru sítóònù 11 àti pọ́ùn 6 ní 2024, ó gbà á. Nick Rockett ru sítóònù 11 àti pọ́ùn 8 ní 2025, òun náà gbà á. Àṣà àtijọ́ kan ni ọ̀rọ̀ yẹn, ó ti kú, ṣùgbọ́n wọn ò tí ì sin ín.

Òótọ́ ni pé ẹrù kan wà tó kọjá agbára ẹnikẹ́ni. Ẹṣin kan tó ń jẹ́ Phar Lap gba Melbourne Cup, eré ńlá kan ní Australia, ní 1930 pẹ̀lú sítóònù 9 àti pọ́ùn 12. Nígbà tó di 1931, wọ́n gbé sítóònù 10 àti pọ́ùn 10 lé e, ó ṣe ìkẹjọ. Arkle, ẹṣin Ireland tí wọ́n ní kò sí irú rẹ̀ rí, ru pọ́ùn 35 ju Stalbridge Colonist lọ ní Newbury ní 1966, ìdajì gígùn kan péré ló fi pàdánù sí i. Lójú tèmi, ìpàdánù yẹn gan-an ló fi hàn bó ṣe lágbára tó.

Ibi tí ẹrù ti pa owó fún mi, níwọ̀nba tó pa á, kò jọ ibi tí mo kọ́kọ́ wá a sí. Máàkì kì í dúró lójú kan. Ẹṣin tó bá borí, wọn á gbé máàkì rẹ̀ sókè. Ẹṣin tó bá ń kùnà, díẹ̀díẹ̀ ni wọn á máa já a wálẹ̀. Àárọ̀ Tuesday ni máàkì tuntun máa ń jáde. Nítorí náà, ẹṣin tó fi gígùn mẹ́fà borí ní Sátidé, tó tún fẹ́ sáré kí máàkì tuntun tó múlẹ̀, ẹrù ìyà díẹ̀ ni wọn á fi kún un, bíi pọ́ùn 5 tàbí 6, nígbà tó ṣeé ṣe kí máàkì tuntun rẹ̀ fi pọ́ùn 10 ga. Nígbà tí mo rí èyí, mo rò pé èmi nìkan ni Ọlọ́run fi hàn. Bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ògiri ló ti mọ̀. Owó tí wọ́n fẹ́ san lórí ẹṣin náà kò tó nǹkan, mo ní láti fi £10 lé e kí n tó lè jẹ £6. Ọjà tí gbogbo ọjà mọ̀ pé ó pọ́kú kì í pọ́kú mọ́.

Èyí tí kò sẹ́ni tó ń pariwo rẹ̀ ni ẹṣin tí máàkì rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ẹ ó rí ẹṣin kan tó fi máàkì 78 borí lọ́dún méjì sẹ́yìn, tó wá kùnà nígbà mẹ́wàá tẹ̀ léra, tí wọ́n ti já a dé 65. Àwọn èèyàn á ní ó ti tán. Ó lè ti tán lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ilẹ̀ tó fẹ́ ni kò rí, tàbí kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ti máa sá a ní eré tó kúrú jù fún un títí máàkì fi wálẹ̀ tán. Iṣẹ́ mi ni kí n mọ èyí tó rẹ̀ àti èyí tó ń dúró de ọjọ́. Mo máa ń wò ó bóyá ó ń sún mọ́ iwájú nínú eré méjì tó kẹ́yìn, bóyá wọ́n ti dá a padà sí ibi tó ti borí rí. Bí mo bá rí àmì méjì, ìgbà náà ni máàkì tó wálẹ̀ tó di ọ̀rọ̀ lójú mi.

Àwọn jọ́kì tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ńkọ́? Ọmọ ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n, bíi tàwọn ọmọ télọ̀ wa. Nínú eré tí kò ní odi, ẹni tí kò tí ì borí nígbà 20, wọ́n á bá a bọ́ pọ́ùn 7 kúrò lórí ẹṣin rẹ̀. Tó bá ti kọjá 20, ó di pọ́ùn 5 títí yóò fi pé 50. Lẹ́yìn ìyẹn pọ́ùn 3, títí di 95. Tó bá pé 95, ó ti ṣe fúrídọ̀ọ̀mù nìyẹn, òun àti ọ̀gá dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé pọ́ùn 7 ọ̀fẹ́ ni. Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ọmọ náà yóò sáré gba ibi tí kò yẹ, yóò nawọ́ pàṣán jù, ẹni tó gun ẹṣin fún ogún ọdún yóò sì há a mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ pápá. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú wọn tí ẹ ó ti mọ̀ láti ìgbà karùn-ún tí wọ́n gun ẹṣin pé wọn kò ní pẹ́ parí ẹ̀kọ́. Irú wọn ni mò ń wá. Kí wọ́n tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, oṣù bíi mélòó kan ló wà tí pọ́ùn 7 wọn yẹn dà bí owó tó já bọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òjé náà wà níbẹ̀. Bí jọ́kì àti gàárì rẹ̀ kò bá tó ìwúwo tí wọ́n kọ sílẹ̀, òjé ni wọ́n máa ń kì sínú àpò aṣọ tó wà lábẹ́ gàárì títí yóò fi pé. Àríyànjiyàn kan wà tí kò tán rí ní ṣọ́ọ̀bù wa: ṣé òjé wúwo ju èèyàn lọ? Òṣùwọ̀n ní rárá. Àmọ́ ìyá èyíkéyìí tó ti pọn ọmọ rí mọ̀ pé ọmọ tó jí àti ọmọ tó sùn kì í wúwo bákan náà lẹ́yìn. Èyí tó jí á dì mọ́ ẹ, yóò bá ẹ lọ. Èyí tó sùn á kàn so rọ̀. Ẹ̀yìn ìyá ni mo gbà gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ ní ti ẹrù ni ti ọjọ́ orí. Ẹṣin ọlọ́dún mẹ́ta kò tí ì dàgbà tán, nítorí náà bó bá pàdé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n á dín ẹrù rẹ̀ kù. Admiral Rous, ọ̀gá ológun orí omi kan, ló ṣe ìṣirò náà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n sì ń tún un ṣe láti ìgbà náà. Bí oṣù ṣe ń lọ tí ọmọ náà ń gbó sí i ni wọ́n ń bù kúrò nínú àánú tí wọ́n ṣe fún un. Ní Prix de l'Arc de Triomphe ní Paris, ní October, akọ ọlọ́dún mẹ́ta máa ń ru kílò 56.5, àwọn àgbà akọ sì ń ru 59.5. Ẹṣin kì í fi ọjọ́ orí kan náà dàgbà, àwọn kan gbó kíákíá. Ìwé ìṣirò kò mọ èyí tó ti di géńdé láàárín wọn, ojú ló mọ̀ ọ́n.

Ìbátan mi kan ní Àjàṣẹ́, ní Benin, náà ń ta tẹ́tẹ́ ẹṣin. PMU, irú tẹ́tẹ́ ẹṣin ti Faransé, ni tiwọn, eré ilẹ̀ Faransé ni wọ́n máa ń ta. Nígbà tí mo ń ròyìn ọ̀rọ̀ ẹrù fún un lórí fóònù, ó ní ọ̀pọ̀ eré tí òun ń ta kò ní ẹrù kankan. Eré tí ẹṣin ń fa kẹ̀kẹ́ ni, wọn kì í jẹ́ kó bẹ́, ìrìn kíákíá ló gbọ́dọ̀ rìn. Dípò kí wọ́n gbé òjé lé ẹṣin tó ti jẹ owó púpọ̀, wọ́n á ní kó bẹ̀rẹ̀ ní mítà 25 lẹ́yìn àwọn yòókù. Mo ní bàbá kan náà ló bí wọn.

Ìwé aláwọ̀ búlúù yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Fún ọdún mẹ́ta, mo ta £4,180, £3,620 ló padà wá. Mo pín wọn sí ọ̀nà méjì lọ́jọ́ kan tí oorun kò kùn mí. Ẹṣin tí mo mú nítorí pé ó fúyẹ́ nìkan, mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, mẹ́rin péré ló borí. Èyí tí mo ti rí ìdí mìíràn fún ná, tí ẹrù wá bá mi fọwọ́ sí i, díẹ̀ ni mo fi jèrè níbẹ̀. Ìyàwó mi wo ìwé náà, ó béèrè bóyá mo ka wákàtí tí mo fi kọ ọ́ mọ́ ọn. N kò dáhùn. Láti ìgbà náà, £10 ni òpin tèmi lọ́sẹ̀.

£10 yẹn ni mo mú dání nígbà tí èmi àti Daddy wọ ọkọ̀ ojú irin láti Waterloo lọ sí pápá eré ẹṣin Kempton Park lálẹ́ ọjọ́ kan. Òun ti lọ débẹ̀ rí ju bó ṣe lè kà á lọ, èmi kò tí ì fojú mi rí ẹṣin eré láàyè. Mo ti wo ẹṣin kan sílẹ̀: máàkì rẹ̀ ti 74 já dé 61, ó ṣe ìkẹta nígbà tó sáré kẹ́yìn, máìlì kan ni eré náà, ọmọdébìnrin kan tó ṣì ń gba pọ́ùn 7 ló gùn ún. Wọ́n ń san 16/1, ìyẹn èrè £16 lórí £1 kọ̀ọ̀kan. Mo ta £10 mi. Ẹṣin náà wà láàárín títí wọ́n fi yà wọ ọ̀nà gbọọrọ, ni ọmọ yẹn bá rí àyè kan, ó tì í wọlé. Àwọn mẹ́ta ló dé òpin pọ̀. Àwòrán ni wọ́n wò. Tiwa ni.

Mo fò sókè. Daddy fa ẹ̀wù mi lẹ́yìn, ó ní kí n dúró. Ọmọ náà ti sọ̀ kalẹ̀, ó kó gàárì àti aṣọ òjé rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń bọ̀ síhà ọ̀dọ̀ wa níbi tí wọ́n ti ń wọ̀n wọ́n. Kò ga dé èjìká mi. Ojú rẹ̀ kún fún yẹ̀pẹ̀, apá rẹ̀ ń gbọ̀n. Daddy ń wo aṣọ òjé yẹn bí ẹni tó ń ka owó. Ó ní òun ti rí i rí tí òjé jábọ́ sójú ọ̀nà, tí wọ́n gba ipò kìíní lọ́wọ́ ẹni tó borí nítorí pé kò wúwo tó bó ṣe jáde. Ilẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn ọmọ náà. A dúró. Mo ti ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, ó ti rin fún òógùn. Nígbà tí gbohùngbohùn wá kéde pé wọ́n ti wọ̀n wọ́n tán, Daddy fi pẹ́ńsùlù rẹ̀ padà sẹ́yìn etí. Ó ní kí n lọ gba owó mi, kí n ra tíì bọ̀ fún òun, ṣúgà mẹ́ta.